Máìkì mẹ́rin tí mo rà fún Raspberry Pi kí ohùn bàbá mi tó mọ́

"Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

Ìbéèrè tí àbúrò mi obìnrin kọ ránṣẹ́ láti Manchester nìyẹn, lẹ́yìn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá wa fi àpótí tí mo ṣe fún wọn ránṣẹ́. Òjò kankan ò rọ̀. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti gba ìlú, ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ gbẹ táútáú. Ohun tó ń dún bí òjò lórí páànù yẹn ni sound card (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà) olówó pọ́ọ́kú tí mo kọ́kọ́ rà. Ó ń hó ṣáá lábẹ́ ohùn bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Àìsàn glaucoma ti mú ojú ọ̀tún wọn lọ, ti òsì náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Fóònù tí à ń fọwọ́ tẹ̀ lójú wá di ìyà fún wọn: wọ́n á fẹ́ pe èmi, wọ́n á lọ pe ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì. Ni mo bá ṣe àpótí pákó kékeré kan tó ní bọ́tìnnì pupa ńlá kan ṣoṣo lórí. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ náà á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa lórí Telegram. Raspberry Pi Zero 2 W ló wà nínú rẹ̀, odidi kọ̀ǹpútà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 65 péré, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 30. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ ètò tó ń darí rẹ̀. Máìkì ló gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi.

Oríṣi mẹ́rin ni mo fi owó ara mi rà, mo sì yá ìkarùn-ún lò. Ohun tí ojú mi rí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ná owó tí mo ná.

Ohun kan máa ń ya ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Pi lẹ́nu: Pi ò ní etí. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ní ihò tí máìkì lè wọ̀. Ihò róbótó tí ẹ ń rí lára Pi 4 yẹn, ohùn àti àwòrán ló ń gba ibẹ̀ jáde, ohùn kì í gba ibẹ̀ wọlé. Pi 5 tó jáde ní 2023 ò tilẹ̀ ní ihò yẹn mọ́, Zero ò sì ní i rí. Mo mọ ẹnì kan tó ki máìkì bọ ihò Pi 4, tó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko yí ètò káàkiri, tó rò pé Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí Pi, ló ń da òun láàmú. Ẹ̀yà tó máa sọ ìró di nọ́ńbà gan-an ni kò sí nínú Pi. Ẹ gbọ́dọ̀ rà á wá láti ìta: yálà èyí tó ń wọ ojú USB, tàbí bọ́ọ̀dù tó ń jókòó lé orí ẹsẹ̀ 40 tí Pi ní, bí fìlà ṣe ń jókòó lórí, tí wọ́n sì ń pè ní HAT lóòótọ́, tàbí máìkì bíńtín tí ẹ ó fi wáyà so tààrà mọ́ díẹ̀ nínú àwọn ẹsẹ̀ náà.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dán wọn wò. Bàbá fúnra wọn ló yan ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ, iṣẹ́ tíṣà ò tíì kúrò lára wọn. "Ọkọ ìyàwó gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀." Lẹ́yìn náà: "Ó sá, kò ṣá." Gbogbo máìkì ni wọ́n sọ ọ́ sí, ní orí àga kan náà, pẹ̀lú fáànù òkè tó ń yí. Èrò mi ni pé àmì ohùn ni yóò kọ́kọ́ sọnù nínú máìkì tí kò dára. Mo ṣì í rò. Èyí tó burú jù nínú wọn pàápàá gbé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ jáde láìsí ìdàrúdàpọ̀, torí pé gíga sókè àti wíwá sílẹ̀ ohùn kì í tètè bàjẹ́. Ìyàtọ̀ "sá" àti "ṣá" ló ń sọnù. Ìró s wà lókè réré nínú ohùn ènìyàn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lókè 4,000 Hz, ìyẹn ìgbọ̀nrìrì 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà máa ka ohùn ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí ohun tó ju 4,000 Hz lọ tó lè kù sílẹ̀ níbẹ̀. 16,000 ti tó fún ẹ̀rọ tó fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ. Èmi lo 48,000, torí ọmọ ènìyàn ló máa gbọ́ ti bàbá mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe wà.

Sound card USB yẹn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, ₦4,500. Ó ní ihò méjì, aláwọ̀ ewé fún ohun tí à ń fi sétí, aláwọ̀ pínǹkì fún máìkì. Mo ra máìkì há-ọrùn-aṣọ mọ́ ọn, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe fídíò lórí fóònù máa ń lò. Mo délé, mo so wọ́n pọ̀, mo tẹ arecord -l, àṣẹ tó ń to orúkọ àwọn káàdì ohùn, káàdì náà fara hàn. Mo gba ohùn sílẹ̀, mo tẹ́tí sí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá.

Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ẹnu máìkì dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí òrùka dúdú tó yí irin ẹnu rẹ̀ ká bá jẹ́ mẹ́ta, ti fóònù ni, ihò pínǹkì yẹn ò sì ní gbọ́ èdè rẹ̀. Olórùka méjì tàbí ẹyọ kan ló ń fẹ́. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà, èmi náà ò sì bèèrè. Wáyà kékeré kan wà tó ń pín olórùka mẹ́ta sí méjì, òun ni mo padà lọ rà, ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Òjò Manchester yẹn ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ohun tó burú ju òjò lọ ni fáànù. Bàbá mi máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ gbólóhùn tó bá wúwo, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì nìyẹn. Bí wọ́n bá ti dákẹ́ báyìí, ìró fáànù òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í ga bọ̀, fùù, fùùù, fùùùù, àfi bíi pé ẹnì kan ń gbé e sún mọ́ máìkì. Wọ́n á wá la ẹnu, fáànù á sì sá padà sórí àjà. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ ò ní lè gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Inú sound card náà ni ìṣòro yìí wà: ó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Auto Gain Control, tó máa ń gbé ohùn ga fúnra rẹ̀ nígbà tí ilé bá dákẹ́, tó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé. Títan ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ ṣí alsamixer, ètò tí a fi ń darí káàdì ohùn, ẹ tẹ F6 láti mú káàdì yín, ẹ rìn dé ibi tí wọ́n kọ Auto Gain Control sí, kí ẹ tẹ M kí ó kú. Ẹ wá tẹ sudo alsactl store, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè jí padà bí iná bá lọ tó dé. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ yín ni ẹ ó fi wá ibi tí ohùn gbọ́dọ̀ ga dé. Fáànù bàbá mi jókòó síbi tó wà lọ́jọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku òjò. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ṣàdédé rí apá kan ìdí rẹ̀. Iná ti lọ, mo yọ ṣájà, mo fi power bank gbé Pi dúró, mo sì tún gba ohùn sílẹ̀. Ìró tínínrín kan tó máa ń dún bíi ẹ̀fọn lábẹ́ gbogbo ohun tí mo ti ń gbà sílẹ̀ dàwátì. Ṣájà fóònù tí mo ń lò ló ń ṣe é. Nínú irú sound card báyìí, ohùn ṣì jẹ́ iná lásán nígbà tó ń gba inú wáyà kọjá, kò tíì di nọ́ńbà, odò iná kan náà ni òun àti Pi sì ti jọ ń mumi. Bí iná tó wọ Pi bá dọ̀tí, ìdọ̀tí yẹn á bá ohùn rìn. Mo ra ṣájà gidi, ẹ̀fọn lọ, òjò dín kù sí ìrì. Ìrì yẹn ò lọ mọ́, sound card fúnra rẹ̀ ló ni ín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró ló jẹ́ kí n gbé e kúrò nílé bàbá mi. Wọ́n há máìkì mọ́ ọrùn agbádá, wọ́n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n dìde láti lọ jẹun, àpótí tẹ̀ lé wọn, ó já sílẹ̀ gbàá. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú kọ́ ló yẹ kí n fi wáyà há lọ́rùn. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé inú àpótí ni máìkì gbọ́dọ̀ wà.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Máìkì USB kékeré ni, bíi ìka ọmọdé, tí kò ní wáyà kankan. Bí ẹ bá ti kì í bọ ojú USB, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lórí Zero ẹ nílò wáyà OTG torí pé ojú USB tínńtín ló ní. Ohùn bàbá jáde, kò sí òjò, kò sí ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó wà nínú akèrègbè tó ń pe ènìyàn. Kò gbé "sá" àti "ṣá" yàtọ̀ síra rárá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ "tan iná" àti "pa iná" láti tòsí, ẹ rà á, ẹ ò ní kábàámọ̀. Kò sí ohun míì tí mo lè fi í ṣe.

HAT wá ni. Ẹ̀yin ará, ó rẹwà. Bọ́ọ̀dù tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú Zero, máìkì méjì ní igun méjèèjì, iná kéékèèké mẹ́ta tó lè tàn ní àwọ̀ tó bá wù yín, bọ́tìnnì tirẹ̀, àti ibi tí a lè so sípíkà mọ́. ₦28,000 ni mo rà á. Ohùn tó gbà dára ju ti àwọn méjì ìṣáájú lọ dáadáa, "sá" jẹ́ "sá," "ṣá" jẹ́ "ṣá." Mo gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, láti Ìbàdàn tí mo wà, mo wọ inú Pi náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní kí ó ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tó padà dìde, káàdì ohùn ti pòórá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá pè mí láti orí fóònù aládùúgbò: "Ọmọ mi, nǹkan rẹ yìí ò dá mi lóhùn mọ́ o. Ṣé mo bà á jẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni mo wà sí wọn. Mo wakọ̀ lọ lọ́jọ́ Sátidé náà.

Ohun tó fà á rèé. Ètò tó ń jẹ́ kí Linux mọ HAT tí mo rà yẹn ò sí lára ohun tó ń bá Raspberry Pi OS, ìyẹn Linux tí wọ́n ṣe fún Pi, wá. Èmi ni mo gbà á wá lọ́tọ̀, tí mo sì kọ́ ọ mọ́ kernel, ìyẹn ọkàn Linux, tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí kernel yí padà, ó fi ètò náà sílẹ̀ sẹ́yìn bí ọkọ̀ tó gbéra láìdúró de èrò. Kì í ṣe gbogbo HAT ló rí báyìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín: ṣé ìlà dtoverlay kan péré, èyí tó ń sọ fún Pi pé kí ó lo ètò tó ti wà nínú rẹ̀, ni màá fi jí i, tàbí màá lọ gba ètò míì wá? Bí ó bá jẹ́ èkejì, tí ẹ ò sì ní máa gbé nítòsí ẹ̀rọ náà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀dùn kejì tí mo ní sí i kéré, ṣùgbọ́n ó ń pọ́n mi lójú. Torí pé orí bọ́ọ̀dù kan náà ni máìkì àti bọ́tìnnì wà, ìgbàkígbà tí bàbá bá tẹ̀ ẹ́, "tá!" bí ìbọn ṣákábùlà ló máa ń kọ́kọ́ dé etí wa, ọ̀rọ̀ á tó wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbé e sórí tábìlì tirẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ láìfọwọ́ kàn án, ó lè gbádùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ṣì ní tèmi nílé, inú yàrá mi ló wà.

INMP441 ló gbà mí. Máìkì kan tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni, lórí bọ́ọ̀dù róbótó aláwọ̀ búlúù kan. ₦5,500. Ohùn á di nọ́ńbà nínú ikùn máìkì fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ni wáyà sì ń gbé lọ fún Pi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wá ṣájà burúkú àkọ́kọ́ yẹn jáde, mo so ó mọ́ ọn, mo gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹ̀fọn kankan.

Ihò mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. SCK lọ sí ẹsẹ̀ 12 lára Pi, WS lọ sí ẹsẹ̀ 35, SD lọ sí ẹsẹ̀ 38. VDD lọ sí ẹsẹ̀ 1 tó jẹ́ 3.3 V, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ẹsẹ̀ 5 V, ẹ ó pa á. GND lọ sí ẹsẹ̀ 6, L/R náà sì lọ sí GND kí máìkì lè mọ̀ pé apá òsì ni òun. Bí ẹ bá fi L/R sílẹ̀ láìso ó mọ́ ibì kankan, ohùn á máa ṣe ségesège. Inú fáìlì /boot/firmware/config.txt ni mo kọ ìlà méjì sí: dtparam=i2s=on, àti dtoverlay=googlevoicehat-soundcard. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ra nǹkan Google o, orúkọ tí ètò náà ń jẹ́ nìyẹn, ó sì ti wà nínú Raspberry Pi OS látilẹ̀. Mo ti ṣe àtúnṣe kernel lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà, láti Ìbàdàn, bàbá ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń pè é, ẹ pe orúkọ káàdì, plughw:CARD=sndrpigooglevoi, ẹ má pe nọ́ńbà rẹ̀, torí nọ́ńbà lè yí bí Pi bá kú tó jí.

Kò wá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣá. Mi ò ní áyọ́ọ̀nù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ni mo gbé e lọ kí ó bá mi fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ọn. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó yí i padà, ó wò ó, ó gé téèpù bíńtín, ó fi bo ihò kan tí mi ò tilẹ̀ rí. "Ẹ̀gbọ́n, ibí ló fi ń gbọ́ràn. Bí èéfín lẹ́ẹ̀dì bá wọ ibẹ̀, ó ti di odi nìyẹn." Ihò náà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ló wà, ní òdìkejì ibi tí irin dídán yẹn wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, ó sì kọ̀, kò gba ju ₦1,000 lọ.

Pẹ̀lú gbogbo àlàyé yẹn, nígbà tí mo ń to ó sínú àpótí, mo tún kọ irin dídán sí ìta, mo kọ ihò sínú. Ohùn bàbá dún bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Mo yí i padà, mo lu ihò tó fẹ̀ tó mílímítà mẹ́ta sára pákó ní ọ̀kánkán ihò náà, mo fi fóòmù tí mo yọ lára ohun ìgbọ́rọ̀ àtijọ́ kan sáàárín kí èémí má baà máa bú lù ú. Wáyà ni àṣìṣe kejì. Mo kọ́kọ́ lo wáyà tó gùn tó 60 sẹ̀ntímítà, torí mo fẹ́ kí máìkì jìnnà sí Pi. Ìró tákátáká bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò gba gbogbo rẹ̀. Mo gé wáyà kù sí sẹ̀ntímítà 12, ó dákẹ́ pátápátá. Nọ́ńbà tó ń sáré gba inú wáyà yẹn ò fẹ́ ìrìn jíjìn.

Ohun kan tún wà tó lè já ẹni tí kò mọ̀ kulẹ̀: ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ kéré gan-an. Ẹ lè rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kí ariwo ńlá má baà ya á létí. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní S32_LE (nọ́ńbà oníbíìtì 32), ikanni méjì, kí ẹ wá gbé e sókè lẹ́yìn náà. Èmi ń fi ètò tó ń jẹ́ sox gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò, pẹ̀lú highpass 80, kí n tó fi gain -n -3 gbé ìyókù sókè. Ìwárìrì fáànù lára ògiri máa ń bá ibi tí mo gé yẹn lọ. Fáìlì tó jáde wúwo, bí MB 23 fún ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ò ṣe é fi ránṣẹ́ lórí dátà. Ètò míì tó ń jẹ́ ffmpeg ló ń fún un pọ̀ di fáìlì Opus ní 24 kbps (kílóbíìtì 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), irú èyí tí Telegram fẹ́ kí ó tó lè fi í hàn bí ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì wá sílẹ̀ sí bíi KB 540.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá fi INMP441 sọ ò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ. Wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, wọ́n sọ pé kànga ti ń gbẹ, wọ́n gbàdúrà. Mo dúró de Manchester. Ìdáhùn tó wá ni: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fún bàbá lóbì?" Mo padà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì fi nǹkan sétí. Lóòótọ́, ní àárín "kànga" àti "àdúrà", "kẹ́" kékeré kan wà níbẹ̀, obì tí wọ́n fi eyín pa. Àbúrò mi ti fi ọdún mẹ́fà wà ní ìlú òyìnbó. Ó ní òun gbọ́ ọ títí tí omi fi bọ́ lójú òun.

Mo ní mo yá ìkarùn-ún lò. Focusrite Scarlett Solo tí ọ̀rẹ́ mi kan ń lò fún ẹgbẹ́ akọrin ni, pẹ̀lú máìkì ńlá onírin mẹ́ta lẹ́nu tó ń gba 48 V. Orí Pi 4 ni mo so ó mọ́, Linux mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ láìgba ètò kankan wá. Kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gba orin sílẹ̀, tàbí ẹ fẹ́ kí àgbà onírárà kan jókòó kí ó sun ún fún wákàtí kan, òun ni kí ẹ wá owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá mi.

Ní báyìí, ìyá ìyàwó mi ní Ìsẹ́yìn ti gbọ́ nípa àpótí náà, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ tàwọn. Mo ti ra INMP441 kejì sílẹ̀ kí n tó rántí ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń hun òfì ni, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀kọ̀ ń fò tí apásà sì ń lu òwú, kátákátá, kátákátá. INMP441 ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, ibi gbogbo ló ń tẹ́tí sí bákan náà. Nínú pálọ̀ bàbá mi, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní Ìsẹ́yìn, òfì ni a ó máa gbọ́, a ò ní gbọ́ Màmá.

Àfi kí máìkì sún mọ́ ẹnu wọn pẹ́kípẹ́kí, bí ẹni ń tẹ fóònù àtijọ́ tó ní wáyà létí. Wáyà irú fóònù bẹ́ẹ̀ sì gùn ju ohun tí INMP441 lè fara dà lọ. Mo ti wá sound card ₦4,500 yẹn jáde látinú dúrọ́wà, mo ti pa Auto Gain Control rẹ̀, mo sì ti wá ṣájà gidi fún un. Bí ẹnu bá wà ní sẹ̀ntímítà mẹ́ta sí máìkì, ohùn Màmá á borí ìrì tó ń sẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ń lọ wá fóònù àtijọ́ rà ní ọjà, èyí tí wáyà rẹ̀ ká kóló bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, kí n lè yọ etí rẹ̀ lò.